Ẹ̀rí Onígbàjámọ̀

Ẹ má dá mi lẹ́nu o. Tí ẹ bá dá mi lẹ́nu, màá gbàgbé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé. Tí mo bá sì gbàgbé, inú á bí mi, ẹ sì rí i pé abẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ọdún kẹtàdínlógójì rèé tí mo ti ń gẹrun nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo yìí. Wọ́n ní onígbàjámọ̀ a máa sọ̀rọ̀ jù. Irọ́ funfun báláú! Àwọn oníbàárà ló ń sọ̀rọ̀ jù, èmi kàn ń dá wọn lóhùn ni. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Àga méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kán lẹ́sẹ̀, mo fi bíríkì gbé e dúró. Dígí ńlá kan wà lára ògiri iwájú, ó gba ògiri náà tán. Ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé tó kọjú sí títì wà lẹ́yìn, òkè ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo sì gbé aago kọ́ sí. Nígbà yẹn, tí ẹ bá jókòó sórí àga mi, dígí lẹ máa kọjú sí. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn yín, dígí náà ni mo kọjú sí.

Aago yẹn ni ẹ̀fẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tí kò bá mọwọ́ ibẹ̀, tó bá wò ó nínú dígí, òdì ló máa kà á. Ẹnìkan á jókòó nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, á gbójú sókè, á rí i pé aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, á fò sókè tòun ti ààbọ̀ irun lórí. Àwa á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Èmi ní tèmi, n kì í bojú wẹ̀yìn wo aago. Inú dígí ni mo ti ń kà á, mo ti mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òdìkejì títì, ní ọ̀kánkán mi gan-an, ni ṣọ́ọ̀bù Baba Aláago wà. Bàbá yìí ló ń bá gbogbo àdúgbò tún aago ṣe, aago ọwọ́ ni o, aago ògiri ni o. Àwọn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọlọ́wọ́ Òsì, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Èkejì ni ọmọ mi, àbígbẹ̀yìn mi, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Èmi fúnra mi ni mo bẹ Baba Aláago kó gbà á síṣẹ́, nítorí iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fi sílẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn.

Kí n má purọ́ fún yín, n kò fẹ́ràn Ọlọ́wọ́ Òsì. Ọkùnrin náà kò ṣẹ̀ mí. Òsì yẹn ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, òsì ló nà sí mi láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?" Ojú tì í, ó yára fi ọwọ́ náà pa mọ́ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjìlá gbáko, ọ̀tún ló fi ń bọ̀ mí lọ́wọ́, ọ̀tún náà á sì máa gbọ̀n díẹ̀, bíi ti ẹni tó yá nǹkan oníǹkan. Èmi rò pé mo ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Ó dáa. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò ń rọ̀ láàárọ̀. Baba Aláago ti rìnrìn-àjò lọ wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Aago méje ku díẹ̀, mo ń gẹrun fún Tíṣà, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé ìsàlẹ̀ títì. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí ẹnìkan tó jáde láti ṣọ́ọ̀bù Baba Aláago. Ẹ̀wù òjò dúdú ló wọ̀, ó fi fìlà ẹ̀wù náà bo orí. Ẹ̀wù òjò kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì ní, Baba Aláago ló rà á fún wọn. Àpótí kan wà ní abíyá rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí títì, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó lọ. Mo sọ nínú ara mi pé, "Ẹni yìí mà tètè dé lónìí o." Mo padà sórí Tíṣà. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ọmọ mi ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, ló bá figbe ta. Àpótí tí wọ́n ń kó aago àwọn oníbàárà sí ti wọmi. Aago mẹ́tàlélógún! Ẹnikẹ́ni kò já ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, àwọn mẹ́ta péré ló sì ní kọ́kọ́rọ́: Baba Aláago tó wà lájò, Ọlọ́wọ́ Òsì, àti ọmọ mi. Àwọn ọlọ́pàá dé. Gbogbo àdúgbò péjọ. Ọlọ́wọ́ Òsì náà dé níkẹyìn, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti jọ pariwo lé ara wọn lórí débi pé àwa tí a wà ní òdìkejì gbọ́. Ẹnìkan láàárín èrò bá sọ pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Àwọn èèyàn ń mirí.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yún mi. Kò sẹ́ni tó bi mí o! Mo kàn la àárín wọn kọjá, mo ní, "Ẹ yé dààmú ara yín. Èmi rí i. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ọwọ́ òsì ló fi ti ilẹ̀kùn."

Ta ló tún ń lo òsì ládùúgbò wa? Wọ́n mú un lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó ń sọ pé, "Bàbá, èmi kọ́ o. Bàbá, ẹ wò mí dáadáa, èmi kọ́." Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wò mí lọ́nà kan báyìí. Mo rò pé ó ń yìn mí nínú ọkàn rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méje ni ọkùnrin náà lò látìmọ́lé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà ìjọba wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga tí mo fi bíríkì gbé, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Bàbá, oríṣi ẹ̀rí méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ojú rí. Ẹlẹ́rìí á ní, mo wà níbẹ̀, mo rí i, ó parí. Èkejì ni èyí tí a ń fi làákàyè tò jọ. Ìjà àná, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyẹn tó sọ pé ó jalè, àfi tí a bá tò wọ́n jọ. Ẹnìkan sì lè tò ó síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ti ojú kò ní títò. Ẹ̀yin gan-an ni òpó ẹjọ́ yìí."

Ẹ wo orí mi bó ṣe wú! Èmi onígbàjámọ̀, òpó ẹjọ́! Ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo orí tí mo gẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ìyàwó Ọlọ́wọ́ Òsì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Mo ti ń múra sílẹ̀ de èébú rẹ̀. Obìnrin náà kò bú mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, ẹ ṣáà sọ ohun tí ẹ rí o. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín." Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Kí ni mo tún fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀?" Mo kọjá lára rẹ̀. N kò sọ pé kó dìde.

Mo búra, mo wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, mo sọ tèmi. Lọ́yà tó dúró fún Ọlọ́wọ́ Òsì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò ga, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí ojú ẹni náà?"

"Fìlà ẹ̀wù òjò bò ó."

"Kí wá lẹ fi mọ̀ ọ́n?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni. Òsì ló fi yí kọ́kọ́rọ́."

"Ibo lẹ dúró sí nígbà tí ẹ rí i?"

"Ibo ni onígbàjámọ̀ ń dúró sí? Ẹ̀yìn àga mi ni! Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró kí wọ́n tó bí ẹ!"

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Lọ́yà náà jókòó. Ó bi mí níbi tí mo dúró sí, kò bi mí níbi tí mo kọjú sí. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Òun kì í ṣe onígbàjámọ̀. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú di ọ̀sẹ̀ méjì, kí lọ́yà náà lè wá pe àwọn ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí Ọlọ́wọ́ Òsì. Irun rẹ̀ ti kún, ó ti ta kókó, ẹnikẹ́ni kò bá a fọwọ́ kàn án láti ọ̀sẹ̀ méje. Mo rò pé yóò fi ojú burúkú wò mí. Ó kàn ń wò mí ṣáá, bí ẹni tó fẹ́ bi mí ní nǹkan.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni Tíṣà tún wá. Ó ní àárín ìsinmi lòun wà, aago méjìlá lòun tún ní kíláàsì. Mo ti dé ìdajì orí rẹ̀ nígbà tó gbójú sókè, ló bá fò dìde. "Yéè! Aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú! Ọ̀gá ilé-ìwé á pa mí!"

Ẹ̀rín pa mí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá, tíṣà ìṣirò, aago ṣì ń tàn án jẹ. Mo ní, "Jókòó jàre. Mọ́kànlá kọjá ogójì ló lù. Dígí lò ń wò."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Kílípà ṣì ń kùn lọ́wọ́ mi, n kò lè gbé e. Dígí lò ń wò. Tíṣà ní, "Bàbá, kí ló dé?" Mo ń wo dígí. Mo ń wo ṣọ́ọ̀bù Baba Aláago nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀, àgádágodo rẹ̀. N kò yíjú wẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn. N kì í yíjú wẹ̀yìn. Gbogbo títì yẹn, gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógójì, inú dígí ni mo ti ń rí wọn. Aago nìkan ni mo ń rántí yí padà. N kò yí ènìyàn padà rí.

Mo gẹ Tíṣà tán, n kò mọ bí mo ṣe gẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Mo pe ìyàwó mi láti ẹ̀yìnkùlé, torí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà là ń gbé. Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, sọdá títì, kẹ̀yìn sí mi, kí o fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ kan ilẹ̀kùn Baba Aláago."

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo ń ṣe níbẹ̀? Mo gbé ọbẹ̀ kaná o."

"Sá ti lọ!"

Ó ń kùn lọ, ó ní orí àwọn èèyàn tí mo ń gẹ̀ ti ń ràn mí. Mo dúró sẹ́yìn àga, mo kọjú sí dígí. Ìyàwó mi dé iwájú ilẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kan ilẹ̀kùn. Nínú dígí, òsì ni.

Mo yíjú padà. Ọ̀tún ni.

Mo tún kọjú sí dígí. Òsì. Mo ṣe é tó ìgbà márùn-ún, obìnrin yẹn dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lókè, àwọn èèyàn ń wò ó. Nígbà tó padà dé, ó fẹ́ bú mi, ló bá rí ojú mi. Mo ti jókòó sórí àga oníbàárà. Mo sọ fún un. Mo ní, "Ọ̀tún lẹni tí mo rí fi ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe Ọlọ́wọ́ Òsì. Baba Aláago sì wà lájò."

Kò ké. Kò bi mí pé ta ló wá kù. Ó kàn fa ìdí ìró rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sórí àga oníbíríkì.

"Ẹ̀wù òjò ọmọ wa tutù rinrin lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Aago mẹ́jọ ni òjò dá. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo lọ gbá yàrá rẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, òun ò tíì yọjú síta. Mo rí ẹ̀wù òjò náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ń kán lára rẹ̀. Mo mú un jáde, mo sá a."

"O sì mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti ní ojú yín lẹ fi rí i. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀wù òjò bá ojú jà?"

Òótọ́ ló sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn nǹkan tí mo ti gbójú fò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Ọlọ́wọ́ Òsì, ọmọ mi kò jókòó sórí àga mi mọ́, òun tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé gbogbo ni mo ń gẹrun fún. Ó ní òun fẹ́ dá irun sí. Mo tún rántí bó ṣe wò mí nígbà tí mo jẹ́rìí lójú títì. Kì í ṣe ìyìn ló wà lójú rẹ̀. Ó ń yà á lẹ́nu ni, bí ẹni tí orí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó yọ.

Ìyàwó mi dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ dákun. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Adájọ́ lè dá ọkùnrin yẹn sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Tí kò bá dá a sílẹ̀ ńkọ́? Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka oníka ni mo nà fún wọn." Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti jẹun, mo na ọwọ́ sí àga. "Jókòó."

"Bàbá, mo sọ fún yín pé mo fẹ́ dá a sí."

"Mo ní kí o jókòó."

Ó jókòó. Mo fi aṣọ bò ó lọ́rùn, mo tan kílípà. Ẹ̀yìn ọrùn ọmọ yìí, láti ìgbà tó ti hu eyín àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gẹ̀ ẹ́ dé àárín orí kí n tó sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ aago fún un, mo sọ ti ìyá rẹ̀ tó kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀tún ni, ọmọ mi. Ẹni tí mo rí, ọ̀tún ló lò."

Ó ń wò mí nínú dígí, èmi náà ń wò ó. Mo ń dúró kó sọ pé, "Bàbá, èmi kọ́." Ọlọ́wọ́ Òsì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, n kò gbà á gbọ́. Bí ọmọ mi bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbọ́ mi o, bí òmùgọ̀ ni màá gbà á gbọ́.

Ó ní, "Ṣé ẹ rí ojú mi ni?"

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Rárá. N kò rí ojú rẹ."

"Ẹ ò rí nǹkan kan nìyẹn."

Mo gẹ ìyókù irun rẹ̀ tán. Mo gbọn aṣọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ọrùn rẹ̀. N kò lè jẹ́ kó jáde tòun ti ààbọ̀ orí, ọmọ mi ni. Nígbà tó jáde tán, mo jókòó, mo sunkún. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá lọ́yà ọ̀dọ́bìnrin yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ ti dígí fún un. Ó kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó di orí mú, ó ń sọ pé, "Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí! Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí!"

Wọ́n pè mí padà sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Mo mú dígí ọwọ́ mi dání, èyí tí mo fi ń jẹ́ kí oníbàárà rí ẹ̀yìn orí rẹ̀. Mo bẹ adájọ́ pé kó kẹ̀yìn díẹ̀ sí akọ̀wé kóòtù, kó wo akọ̀wé náà nínú dígí bó ṣe ń kọ̀wé. Adájọ́ gba dígí náà, ó wò ó. Ó yíjú padà wo akọ̀wé. Ó tún wo dígí. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan. Lọ́jọ́ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà ìjọba dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá, ẹ búra níbí yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn!"

"Mo búra."

"Ẹ ní òsì lẹ rí!"

"Òsì ni mo rí. Ohun tí mo rí ni mo sọ, irọ́ sì ni."

"Àwọn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wà lájò. Tí kì í bá ṣe olùjẹ́jọ́, ta ni ẹnìkẹta?"

Adájọ́ bojú wò mí láti òkè. "Bàbá, mo mọ ẹni tí ẹnìkẹta jẹ́ sí yín, ó wà nínú ìwé. N kò ní fi dandan mú yín dáhùn ìyẹn. Ẹ lè sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ wò ó, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo lè sọ̀ kalẹ̀. Mo wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ lé orí. Ọmọ mi jókòó tì í pẹ̀lú irun tí mo gẹ̀ fún un. Mo wo ọ̀nà kejì, mo rí ìyàwó Ọlọ́wọ́ Òsì. Ẹ ṣáà sọ ohun tí ẹ rí o.

Mo ní, "Ọmọ mi ni. N kò rí ojú rẹ̀, Olúwa mi. N kò tún ní sọ pé mo fojú rí ohunkóhun mọ́ títí màá fi kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù òjò rẹ̀ tutù nígbà tó ní òun ò tíì jáde. Mo sì bi í léèrè, kò sọ pé òun kọ́."

Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ké "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ mi kò sá. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó parí, ó ti mú wọn lọ síbi tó kó àpótí náà sí. Ìdí tó fi ṣe é, adájọ́ ló sọ fún, kò sọ fún mi. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fún un. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ wò ó. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tí mo lọ ló tó jáde sí mi.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi fún oṣù mẹ́ta láìsọ ju "Oúnjẹ rèé" lọ. N kò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe ni pé mo pe káfíńtà, ó bá mi tú àga, ó yí i padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi kọjú sí títì báyìí tí ẹ ò rí dígí. Àwọn kan bínú, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa wo ara àwọn. Mo ní kí wọ́n lọ wo ara wọn nílé.

Wọ́n dá Ọlọ́wọ́ Òsì sílẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá. Mo ń rí i ní òdìkejì lójoojúmọ́, ojúkoojú. Òsì rẹ̀ ni ó fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Irun rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀, kò lọ gẹ̀ ẹ́ níbòmíràn, kò sì wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mo ti gbọ́ o, Bàbá." Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi.

Ó wá di ọjọ́ Túsìdé kan báyìí, òjò ń ṣú, n kò ní oníbàárà. Mo rí i tó sọdá títì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ, n kò rí nǹkan kan sọ, èmi tí wọ́n ní mo máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Ó na ọwọ́ sí mi. Òsì ni.

Mo gbé kílípà sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Tèmi ló ń gbọ̀n.